Gbòǹgbò Nínú Ariwo: Àwo Orin Roots ti Ẹgbẹ́ Sepultura àti Ipò Rẹ̀ Nínú Orin Rọ́ọ̀kì

Láti ìgbà tí a ti kéde àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni àwọn kan ti ń bi mí léèrè pé kí ni onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí orin aláriwo, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń kọ ọ́ kì í kọrin, igbe ni ó ń ké. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn kò lè sọ pé irú ohùn kan kò kan òun. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń lò lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ wa yìí láìbi í léèrè ibi tí ó ti wá, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni àwo orin tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí sì dá lé lórí. Gbòǹgbò ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí olórin tàbí akéwì bá sọ pé òun fẹ́ padà sí ìdí gbòǹgbò òun, kí ni ó ń padà sí? Ta ni ó ni ín? Ǹjẹ́ ẹni tí a kò fi tọ́ láti kékeré lè sọ pé tòun ni?

Roots, tí í ṣe gbòǹgbò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ àwo náà. Ẹgbẹ́ Sepultura láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni ó gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 1996. Mẹ́rin ni wọ́n nígbà náà: Max Cavalera tí ń kọrin tí ó sì ń ta gìtá, Igor Cavalera àbúrò rẹ̀ tí ń lu ìlù òyìnbó, Andreas Kisser tí òun náà ń ta gìtá, àti Paulo Jr. tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Àwo náà dé ipò kẹrin nínú àwọn àwo tí ó tà jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ipò 27 ní Amẹ́ríkà. Fún ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Belo Horizonte, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn oníwèé ìròyìn orin a máa tò ó mọ́ irú orin tí wọ́n ń pè ní alternative metal, èyí tí ó túmọ̀ sí rọ́ọ̀kì líle tí ó kọ̀ láti jókòó sí àyè kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀ lórí rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Àdàlù ni rọ́ọ̀kì láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Orin tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ń pè ní bùlúùsì, orin ìyìn wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àti orin àwọn aláwọ̀ funfun ará oko ni ó pàdé nínú rẹ̀. Nígbà tí Chuck Berry gbé ‘Maybellene’ jáde ní ọdún 1955, orin àtijọ́ kan ti àwọn ará oko wọ̀nyí ni ó mú, tí ó tún ṣe, tí ó fi ọgbọ́n gìtá àwọn ènìyàn tirẹ̀ gbé ró. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tí ń kọ orin ìyìn, ti ń ta gìtá oníná kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní baba rọ́ọ̀kì tó mọ bí a ti ń gbé e kọ́ ọrùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yin àwo rọ́ọ̀kì kan kìkì nítorí pé ó da oríṣiríṣi orin pọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ọ̀nà tí ó gbà dà wọ́n pọ̀, àti iṣẹ́ tí olúkúlùkù ohun tí a kó wá ń ṣe nínú àdàlù náà.

Ẹ̀ka rọ́ọ̀kì tí wọ́n fi orúkọ irin pè, tí èmi yóò máa pè ní rọ́ọ̀kì onírin, fìdí múlẹ̀ ní Birmingham, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹgbẹ́ Black Sabbath gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970. (Kí ẹnikẹ́ni má retí pé n ó sọ Ògún di baba rọ́ọ̀kì onírin nítorí irin tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dára fún ìdí ẹmu.) Tony Iommi tí ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ náà ti fara pa ní ilé iṣẹ́ irin nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, ẹ̀rọ gé ṣóńṣó orí ìka rẹ̀ méjì. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe ìbọ̀ka, ó sì ń ta gìtá lọ. Nígbà tí ó yá, ó dẹ okùn gìtá náà kí ó má baà máa ni ín lára. Okùn tí a bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, a sì wúwo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá okùn dídẹ̀ pàdé níwájú.

Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn èyí, rọ́ọ̀kì onírin ń kọ́ ọgbà yí ara rẹ̀ ká. Ó ń yára sí i, ó ń le sí i, ó sì ń fọ bùlúùsì kúrò lára díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣòro fún àjèjì láti mọ̀ pé ìdí àwọn ènìyàn dúdú ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fọ́ ọgbà náà. Ẹgbẹ́ Living Colour ní New York, tí gbogbo wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, gbé Vivid jáde ní ọdún 1988, wọ́n sì rán àwọn onírọ́ọ̀kì létí ẹni tí ó ni ilé. Rage Against the Machine fi ráàpù sínú rẹ̀ ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ irú orin yìí ni Faith No More ti San Francisco, pàápàá àwo wọn tí ń jẹ́ Angel Dust, ti ọdún 1992. Ní òpin àwo náà, lẹ́yìn igbe kan tí ó lè fa aṣọ ya, orin jẹ́jẹ́ tí a ṣe fún fíìmù Midnight Cowboy ni wọ́n fi kádìí rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo eégún alárìnjó rí yóò mọ ọgbọ́n yìí: idán wọlé bí òyìnbó, ó fi aṣọ bora, ó jáde bí òjòlá. Adùn rẹ̀ wà nínú ìyípadà kíákíá, inú wa sì ń dùn nítorí a mọ̀ pé ẹnì kan náà ni ó wà lábẹ́ aṣọ. Mo fẹ́ràn Angel Dust púpọ̀. Ṣùgbọ́n Roots kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú odó kan ṣoṣo ni ó ti gún gbogbo ohun tí ó kó wá.

Báwo ni àwọn ọmọ Bùràsíìlì ṣe dé ìdí odó náà? Ọdún 1984 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Sepultura sílẹ̀ ní Belo Horizonte, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Ìjọba ológun tí ó gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1964 ṣì wà lórí oyè. Ó ku ọdún kan kí ó kógbá wọlé. Sepultura túmọ̀ sí isà òkú ní èdè Potogí. Orin kan tí ẹgbẹ́ Motörhead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ni Max ń túmọ̀ nígbà tí ó bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, tí ó sì wù ú. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí: kódà orúkọ wọn tí ó jẹ́ Potogí, inú ìtumọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo wọn Beneath the Remains ti ọdún 1989 láìmọ ẹni tí ó ṣe é lè rò pé California ni ó ti wá. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ àjèjì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé a kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn tí ó ni ín.

Chaos A.D., ti ọdún 1993, ni wọ́n ti kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Eré sísá inú orin náà dínkù, ìlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú. Orin kan níbẹ̀, ‘Manifest’, sọ nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n Carandiru ní São Paulo, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti pa ẹlẹ́wọ̀n 111 ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1992. Òmíràn, ‘Kaiowas’, kò ní ọ̀rọ̀ rárá. Gìtá tí kò lo iná àti ìlù ni, wọ́n sì fi orúkọ àwọn Guarani-Kaiowá pè é, ẹ̀yà kan tí ìjà ilẹ̀ ti fojú wọn rí màbo. Àwókù ilé olódi Chepstow ní Wales ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀! Èmi a máa rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan náà ni a óò bá nínú Roots. Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣe àwo gbòǹgbò yìí ní òpin ọdún 1995, Indigo Ranch ní Malibu, ní California, ni wọ́n lọ. Ross Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó darí ìgbohùnsílẹ̀ náà, òun tí ó ti darí àwo àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ Korn níbẹ̀ ní ọdún 1994. Àwọn ọmọ Bùràsíìlì ń wá gbòǹgbò wọn ní Amẹ́ríkà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kórìíra àwo náà kò kọjá ibí yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fetí sí i ná. Gìtá olókùn mẹ́fà ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Mẹ́rin péré ni Max Cavalera ń fi sílẹ̀ lára tirẹ̀. Ó ti yọ méjì tí ó tín-ín-rín jùlọ kúrò, àwọn tí a fi ń dá orin aládùn. Ìyókù ni wọ́n dẹ̀ gan-an fún Roots, ju bí Iommi ti ń dẹ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Nínú ‘Roots Bloody Roots’ tí ó ṣáájú gbogbo orin yòókù, ohùn tí gìtá ń lò kéré níye, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kí ni ó wá kù fún gìtá láti fi ṣe orin? Àkókò ni. Ibi tí ó ti dún, ibi tí ó ti dákẹ́, ibi tí ó ti wúwo, ibi tí ó ti fúyẹ́. Bí a bá fi ìka lu tábìlì ní ìlànà tí gìtá náà ń gbà, ẹni tí ó mọ orin náà yóò dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí dùndún tiwa, tí ó jẹ́ pé bí a bá mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, a ti gé ahọ́n rẹ̀. Gìtá Roots kò sọ̀rọ̀. Ó ti di ìlù tí kò ní ju iṣẹ́ ìlù lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìlù Bùràsíìlì fi lè wọ inú àwo náà láìjọ àlejò. Ká ní gìtá ti ń dá orin tirẹ̀ ni, ńṣe ni àwọn ìlù ìbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí òdòdó orí tábìlì. Ṣùgbọ́n gìtá ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn lórí ilẹ̀.

Èyí ni mo kà sí àṣeyọrí tí ó tóbi jùlọ nínú àwo náà, ó sì jẹ́ ti ọgbọ́n orin, kì í ṣe ti ìfẹ́ ilẹ̀ bàbá ẹni. Ìgbà tí a bá wá dé ọ̀dọ̀ ohun tí wọ́n kó wá, tí a sì béèrè ẹni tí ó ni ín, ni ọ̀rọ̀ di púpọ̀.

‘Attitude’ ni ẹ jẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Berimbau ni ó ṣí i: ọrun onígi tí a fi wáyà ta, tí a so igbá mọ́ nísàlẹ̀ kí ohùn lè jáde, tí a sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù. Òun ni ohun èlò tí ń darí ìjàkadì oníjó tí wọ́n ń pè ní capoeira. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti sọ gbogbo ohun tí ó bá dúdú ní Bùràsíìlì di ti Yorùbá. Berimbau kì í ṣe tiwa. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Bantu ti ìhà Àǹgólà ni ó ti wá, àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí tiwa tó pọ̀ níbẹ̀. Max Cavalera tí ó gbé e dání kì í ṣe ọmọ Àǹgólà. Ará Ítálì ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Bùràsíìlì tí kò mọ ohùn rẹ̀. Gbòǹgbò tirẹ̀ dà nígbà náà? Ó jọ pé a óò ní láti gbà pé fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò jẹ́ ohun tí a ń yàn, tí a sì ń ṣiṣẹ́ fún kí ó tó di tẹni.

Nínú ‘Ratamahatta’ ni tiwa ti fara hàn. Carlinhos Brown ni ó bá wọn ṣe é. Ọdún 1962 ni wọ́n bí i ní Candeal, àdúgbò kan ní Salvador ti Bahia, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pọ̀ sí gan-an, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nagô. Ìlú yìí ni wọ́n ti dá Ilê Aiyê sílẹ̀ ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ onílù tí ń jáde nígbà ọdún Carnaval, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lu ijexá, ìlù tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò tí Brown lò nínú orin náà ni xequerê wà, tí í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Surdo, ìlù ńlá àwọn oníjó Carnaval, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni timbau, ìlù gíga tí a ń fi àtẹ́wọ́ lù, tí Brown fúnra rẹ̀ sọ di olókìkí pẹ̀lú ẹgbẹ́ Timbalada.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà jẹ́ Potogí àti àwọn ìró tí kò ní ìtumọ̀ nínú èdè kankan, tí a tò nítorí dídún wọn. Láàárín àwọn ìró wọ̀nyí ni a ti ń gbọ́ orúkọ ènìyàn: Zumbi, Lampião, Zé do Caixão. Zumbi ni olórí Palmares, ìlú àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lóko ẹrú. Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1695 ni àwọn Potogí pa á, nítorí náà ọdún tí wọ́n ń gbohùn àwo yìí sílẹ̀ ni ikú rẹ̀ pé 300 ọdún. Lampião ni olórí àwọn ìgárá aṣálẹ̀ àríwá-ìlà-oòrùn, tí wọ́n pa ní ọdún 1938. Zé do Caixão kò sì gbé ayé rí; inú fíìmù ẹlẹ́rù ni ó ti wá. Akọni kan, ìgárá kan, àti iwin fíìmù kan! Òǹkàwé tí kò bá ní sùúrù yóò pe èyí ní ìsọkúsọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ oríkì mọ̀ pé orúkọ pípè kò nílò àlàyé láàárín rẹ̀. Ẹni tí a ń pè é fún ti mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí kò bá sì mọ̀, yóò lọ béèrè. Ohun tí orin náà ń ṣe ni pé ó ń ka àwọn tí ìjọba kò fẹ́ràn, ó sì kọ̀ láti ya òkú sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn àròsọ.

‘Itsári’ tún yàtọ̀. Itsári ni gbòǹgbò ní èdè àwọn Xavante, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń gbé ní Mato Grosso. Ní òpin ọdún 1995, ẹgbẹ́ Sepultura lọ sí abúlé wọn ní Pimentel Barbosa, wọ́n gbé níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì gbohùn orin kan tí wọ́n jọ ṣe sílẹ̀ ní abúlé náà gan-an. Gìtá tí kò lo iná ń lọ nísàlẹ̀. Àwọn Xavante ń kọ orin ayẹyẹ tiwọn lókè. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn ọmọ ìgboro ni ó gbé ẹ̀rọ lọ gba ohùn àwọn ará igbó. Ṣùgbọ́n àwọn Xavante kì í ṣe òpè nípa ẹ̀rọ. Ọdún 1946 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti bá ìjọba Bùràsíìlì dọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1982, Mário Juruna, ọmọ Xavante, ti wọlé sí ilé aṣòfin àpapọ̀, òun ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Ohun tí gbogbo ilẹ̀ náà fi mọ Juruna ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ó máa ń gbé kiri, tí ó fi ń gba ìlérí àwọn ìjòyè sílẹ̀, kí wọn má baà sẹ́ ẹ lọ́la. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ gìtá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ ohun tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n dé. Ó hàn nínú orin náà. Àwọn Xavante kò tẹ̀lé gìtá. Gìtá ni ó ń tẹ̀lé wọn.

Ẹ fi èyí wé èèpo àwo náà. Ojú ọmọ onílẹ̀ kan ni ó wà níbẹ̀, tí gbòǹgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Michael Whelan, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó yà á, ara owó beba 1000 cruzeiros ni wọ́n sì ti mú ojú náà. Ìjọba tí ń jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ ni ó fi àwòrán wọn sára owó. Ẹgbẹ́ Sepultura wá mú un láti ara owó sára àwo. Ojú náà rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ, kò sì ní ohùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Roots kò ju èyí lọ: níbi tí olóhùn bá ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ń sọ tirẹ̀, tí gìtá sì gbà láti yí padà nítorí rẹ̀, gbòǹgbò náà mú ilẹ̀, níbi tí ó bá ti jẹ́ àwòrán tàbí orúkọ lásán, ọ̀ṣọ́ ni. Àwo kan náà ni ó ní méjèèjì nínú. ‘Ambush’, tí ó sọ nípa Chico Mendes, agbẹ rọ́bà tí àwọn onílẹ̀ ńlá pa ní ọdún 1988, kún fún ìbínú tòótọ́. Ṣùgbọ́n ‘Lookaway’, tí Jonathan Davis ti Korn àti Mike Patton ti Faith No More wá bá wọn ṣe, jẹ́ ìpàdé ọ̀rẹ́ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní California, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a má rò pé Sepultura ni ó kọ́kọ́ ro irú èrò yìí ní ilẹ̀ wọn. Láti ọdún 1928 ni akéwì Oswald de Andrade ti kọ ìwé ìkéde kan, nínú èyí tí ó ti ní kí àwọn ọmọ Bùràsíìlì jẹ àjèjì bí àwọn kan láyé àtijọ́ ti ń jẹ ọ̀tá wọn, kí agbára rẹ̀ lè di tiwọn. Ní ọdún 1968, Gilberto Gil, Caetano Veloso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú èrò náà wọ inú orin, wọ́n da gìtá oníná pọ̀ mọ́ orin ilé. Àwọn ológun tì wọ́n mọ́lé ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n sì lé wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà. Gil yìí wá sí Èkó fún FESTAC ní ọdún 1977, ìrìn àjò náà ni ó sì bí àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Refavela. Nígbà tí ó ku ọdún méjì kí Roots jáde, Chico Science àti Nação Zumbi ní Recife ti fi ìlù maracatu pàdé gìtá rọ́ọ̀kì nínú Da Lama ao Caos. Bí a bá fi Roots wé èyí, ti Recife rọ̀ mọ́ ilé jù ú lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dára jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí Sepultura ṣe tí àwọn wọ̀nyí kò ṣe ni pé wọ́n mú un wọ inú ọgbà rọ́ọ̀kì onírin, ọgbà tí ó ti gbàgbé pé òun ní ìlù nínú ẹ̀jẹ̀.

Mo ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ inú orin, kò sì yẹ kí onímọ̀ lítíréṣọ̀ fi í sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Roots kò jinlẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni, àṣẹ àti ìkọ̀sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí a bá sì kọ ọ́ sórí tákàdá láìní orin, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò fún un ní máàkì kékeré. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é fún tákàdá. Ohùn Max Cavalera, tí ó ń ti inú ọ̀fun jáde, tí ó há, tí ó wúwo, kì í ṣe ohùn ẹni tí kò mọ orin kọ. A ní irú rẹ̀. Egúngún kì í fi ohùn ọmọ aráyé sọ̀rọ̀. Ohùn ségi ni ó ń lò, ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ó ń sọ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. N kò sọ pé ọ̀kan ti ara èkejì wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí tí ó ti gbọ́ ohùn ségi kò gbọdọ̀ yára pe ohùn Max ní ariwo lásán.

Ẹgbẹ́ náà kò pé ọdún kan lẹ́yìn àwo yìí tí ó fi túká. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, Dana Wells, ọmọ ìyàwó Max, kú. Gloria, ìyá ọmọ náà, ni ó ń ṣe àbójútó iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà. Àwọn yòókù kò fẹ́ kí ó máa ṣe é lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Max bá ìyàwó rẹ̀ jáde lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ó dá Soulfly sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ìlù náà lọ. Ìbejì Roots nínú ọ̀rọ̀ ìlù ni a lè rí nínú àwo àkọ́kọ́ ti Slipknot ní ọdún 1999: Ross Robinson kan náà, Indigo Ranch kan náà, àti onílù méjì tí ó dúró ti onílù òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìlù Slipknot kò ti ibì kankan wá. Agbára rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bùlúùsì lọ́wọ́ rọ́ọ̀kì onírin ti tún ń ṣẹlẹ̀ sí ìlù Bahia.

Sepultura kò kú. Derrick Green, ènìyàn dúdú láti Cleveland ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ipò Max. Igor náà kúrò ní ọdún 2006, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí Roots pé ogún ọdún, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjèèjì gbé gbogbo orin inú rẹ̀ kiri ayé láìlo orúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ó kù. Àwọn wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ìdágbére tiwọn ní ọdún 2024, Belo Horizonte ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.